Gẹ̀ẹ́sì Tí Ó Yẹ Kí Ìyá Ilé Mọ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti àwọn ọmọ iléèwé nìkan. Ọ̀rọ̀ ìyá tí ó ń ta ata ni, ọ̀rọ̀ ìyàwó tí ó gbé ọmọ lọ sí ọsibítù ni, ọ̀rọ̀ opó tí wọ́n gbé ìwé síwájú rẹ̀ pé kí ó tẹ̀ka sí i ni. Gẹ̀ẹ́sì ojoojúmọ́ ni mo ń wí.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Èmi kò ní kí ẹ pa Yorùbá tì nínú ilé, n kò sì ní kí ẹ yọ ọmọ kúrò ní ilé kéú. Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá tí àwọn lọ́yà ń sọ ní kóòtù kọ́ ni mo ń bá kiri. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí ó lè gba ẹ̀mí là, tí ó sì lè gba owó ẹni là, ni mo ní kí a kọ́.

Ẹ wo ìgò oògùn ikọ́ ọmọdé. Bí wọ́n bá kọ “one teaspoon” sí i lára, ṣíbí kékeré tí a fi ń ro tíì ni, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ mílílítà 5. Bí wọ́n bá kọ “one tablespoon”, ṣíbí ńlá ni, mílílítà 15. Ìyá tí kò bá dá méjèèjì mọ̀ lè fún ọmọ ní ìlọ́po mẹ́ta oògùn, kí ó sì rò pé ìtọ́jú ni òun ń ṣe. Nítorí pé ṣíbí ilé kò dọ́gba, ohun ìwọ̀n tí ó bá oògùn wá nínú páálí ni kí ẹ máa lò. “Twice daily” ni ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, “three times daily” ni ẹ̀ẹ̀mẹta. “Before food” ni kí a tó jẹun, “after food” ni lẹ́yìn oúnjẹ. “Shake well” ni kí ẹ mì ín dáadáa. Bí ẹ bá rí “for external use only”, ara ni a ń fi í pa, kò gbọdọ̀ kan ẹnu. Ẹ tún wo ibi tí wọ́n kọ “EXP” sí, ọjọ́ tí oògùn kò ní ṣeé lò mọ́ ni. “MFG” tàbí “MFD” ni ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ẹ má fi ọ̀kan pe èkejì.

Ohun tí ó tún ń ṣe wá ní jàǹbá ni ìtìjú. Ní ẹgbẹ́ àsàlátù wa, ìyá kan sọ pé nọ́ọ̀sì bi òun ní ìbéèrè mẹ́ta, òun sì dáhùn “yes” sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nítorí èrò tí ó tò sẹ́yìn òun. Ọ̀kan nínú ìbéèrè náà ni bóyá oògùn kan wà tí kì í bá ara ọmọ náà mu. Ẹ gbọ́ bí ewu ti sún mọ́ ọmọ náà tó! Nítorí náà, kí ẹ tó kọ́ ohunkóhun mìíràn, ẹ kọ́ gbólóhùn mẹ́rin yìí sórí. “I do not understand”, èyí ni pé kò yé mi. “Please speak slowly”, ẹ jọ̀wọ́ ẹ rọra sọ ọ́. “Please say it again”, ẹ jọ̀wọ́ ẹ tún un sọ. “Who speaks Yoruba here?”, ta ni ó gbọ́ Yorùbá níbí? Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí owó. Lóde òní, fóònù ni ó ń sọ fún oníṣòwò pé owó ti dé sí báǹkì. Bí ó bá kọ “credit”, owó wọlé. Bí ó bá kọ “debit”, owó jáde. “Deposit” ni kí a fi owó pamọ́, “withdraw” ni kí a gbà á jáde. Nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n ń pè ní PIN, ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ẹni tí ó ní òun ti báǹkì pè. Nínú ìwé ẹ̀yáwó, “borrower” ni ẹni tí ó yá owó tí yóò sì san án, “lender” ni ẹni tí ó fi owó yáni. “Guarantor” ni onígbọ̀wọ́: bí ẹni tí ó yá owó bá sá lọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọn yóò wá. Obìnrin tí ó tẹ̀ka sábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn nítorí pé ọ̀rẹ́ bẹ̀ ẹ́ ti gbé gbèsè lé orí ara rẹ̀.

Ní ti “borrow” àti “lend” yìí, Yorùbá wa ni ó ń kó wa sí i. “Yá” kan ṣoṣo ni àwa ń lò fún méjèèjì, ni a fi ń sọ pé “borrow me money”. “Lend me” ni kí ẹ máa wí. Bákan náà ni “ó”. Àwa kì í yà á sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n “he” ni ọkùnrin, “she” sì ni obìnrin. Àwa tún máa ń fi “wọ́n” bọlá fún àgbà kan ṣoṣo. Bí ẹ bá gbé bàbá dé ọ̀dọ̀ dókítà òyìnbó tí ẹ ní “they are sick”, yóò máa wo ẹ̀yìn yín bóyá aláìsàn kù lóde! “Good evening” ni a fi ń kí ẹni tí a bá ní alẹ́. “Good night” ni a fi ń dágbére fún un. Ọ̀túnla kì í ṣe “next tomorrow” fún òyìnbó, “the day after tomorrow” ni. Bí nọ́ọ̀sì bá sì sọ ọ́ fún yín bẹ́ẹ̀, ẹ má lọ lọ́la.

Ní ti pípe ọ̀rọ̀, ẹ̀yin tí ẹ kọ́ kéú ní ohun kan lọ́wọ́ tí ẹ kò fura sí. Yorùbá kò ní ìró tí ó bẹ̀rẹ̀ “three”, ni a fi ń pè é ní “tíríì”. Ṣùgbọ́n ẹni tí àáfà rẹ̀ kọ́ bí háráfì ṣe ń jáde lẹ́nu ti mọ̀ ọ́n: òun ni ó bẹ̀rẹ̀ “thalaatha”, tí a ń fi orí ahọ́n kan eyín pè. Èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ “dhaalika” ni ó bẹ̀rẹ̀ “this”. Èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ “zakaat” ni ó bẹ̀rẹ̀ “zero”. “V” àti “ch” ni kí ẹ wá fi ara balẹ̀ kọ́, kí “chair”, tí í ṣe àga, má baà di “share”, tí í ṣe pínpín.

Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá pàápàá pọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì. “Sugar” ti ara “sukkar” wá, “cotton” ti ara “qutn”, “zero” ti ara “sifr”. “Magazine”, orúkọ tí òyìnbó ń pe irú ìwé tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí, ti ara ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí í ṣe ilé ìkẹ́rùsí wá. Àwa náà sì ti gba àlàáfíà àti wákàtí lọ́wọ́ Lárúbáwá, a gba búrẹ́dì àti tábìlì lọ́wọ́ òyìnbó, Yorùbá wa kò sì bàjẹ́.

Àwọn bàbá wa ní ìdí tí wọ́n fi fà sẹ́yìn. Láyé wọn, ọwọ́ ìjọ onígbàgbọ́ ni ọ̀pọ̀ iléèwé wà, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé ọmọ tí ó wọlé ní Mùsùlùmí lè fi orúkọ mìíràn jáde. Ìjọba dá iléèwé Mùsùlùmí sílẹ̀ ní Èkó ní 1896. Ní 1923 ni wọ́n dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó bákan náà, ẹgbẹ́ yìí sì kọ́ iléèwé púpọ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ iléèwé ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní 1955. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ni ó kù sídìí ọjà àti ìdí ààrò, àwọn ni wọ́n sì di ìyá àgbà lónìí. Ìbẹ̀rù yẹn kò yẹ kí ó dè wọ́n mọ́lẹ̀ títí. A ròyìn pé Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, ní kí Zaid ọmọ Thabit kọ́ ìwé àwọn Júù, kí ó má baà jẹ́ pé ẹni tí a kò fọkàn tán ni yóò máa bá wọn ka lẹ́tà.

Báwo ni kí ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀? Ẹ mú ọ̀rọ̀ márùn-ún lọ́sẹ̀, kí ó má jù bẹ́ẹ̀. Ẹ mú wọn láti ara ohun tí ọwọ́ yín ń kàn: páálí oògùn, agolo mílíìkì, fóònù, ojú ọ̀nà báǹkì. Ẹ ní kí ọmọ tí ó ń lọ sí iléèwé pè é fún yín lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ̀yin náà pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tí háráfì Lárúbáwá nìkan yé lè fi anjẹmí kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fi ìyá yín rẹ́rìn-ín bí ó bá ṣì í pè. Òun náà kò fi yín rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má ní ó ti pẹ́ jù fún un. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ gbé oògùn tí ó wà nínú ilé yín kalẹ̀, kí ẹ sì wá ibi tí “EXP” wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá, ẹ má lò ó mọ́. Kí Ọlọ́run fún wa ní ìmọ̀ tí yóò ṣe wá ní àǹfààní, kí Ó sì dá àwọn ọmọ wa sí. Àmín.