Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kọ́ o! Ìdí tí ímeèlì ọ̀pọ̀ oníṣòwò fi ń wọnú pàǹtí

Kérésì ku ọ̀sẹ̀ méjì, oníṣòwò ti kó ọjà tuntun dé, àdírẹ́sì ímeèlì oníbàárà 2,000 sì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ló bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lálẹ́, ó kọ lẹ́tà kan, ó dà á sí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ilẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Apá kan ti wọ àpótí pàǹtí tí wọ́n ń pè ní spam, ìyókù kò tiẹ̀ kúrò lójú kan. Báyìí lọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń pàdánù ọjà ọdún, tí wọ́n á ní ayé ló ń ṣe àwọn.

Kì í ṣe ayé o. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́nà fún ímeèlì kò mọ oníṣòwò yàtọ̀ sí gbájú-ẹ̀, ìṣesí ló ń wò. Àdírẹ́sì tí kì í fi ju lẹ́tà mẹ́wàá ránṣẹ́ lójúmọ́, tó wá ṣàdédé tú 2,000 síta, bí àwọn oníjìbìtì ṣe ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, oṣù karùn-ún, ọdún 1978, Gary Thuerk, tó ń polówó kọ̀ǹpútà fún ilé-iṣẹ́ Digital Equipment Corporation ní Amẹ́ríkà, fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí bí èèyàn 400 lórí ARPANET, tó ṣáájú íntánẹ́ẹ̀tì. Àdírẹ́sì náà pọ̀ débi pé àyè wọn kò gbà wọ́n, wọ́n ya wọnú lẹ́tà fúnra ẹ̀. Inú bí àwọn tó gbà á gan-an.

Lónìí, òfin ti wà. Gmail ọ̀fẹ́ kò gbà kéèyàn kọ lẹ́tà sí ju ẹni 500 lọ lójúmọ́. Ẹni tó bá kọjá ẹ̀ lè má rí lẹ́tà fi ránṣẹ́ mọ́ títí di wákàtí 24. Láti oṣù kejì, ọdún 2024, Google àti Yahoo tún le sí i fáwọn tó ń fi lẹ́tà rẹpẹtẹ ránṣẹ́: kí wọ́n fi hàn pé àwọn ló ni àdírẹ́sì, kí oníbàárà lè tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo bí kò bá fẹ́ mọ́, káwọn tó ń fẹjọ́ wọn sùn má sì tó mẹ́ta nínú 1,000.

Ọ̀nà àbáyọ wo ló wà? Àwọn tó gbọ́n nídìí ẹ̀, wọ́n ń pín in ni. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Oníbàárà 50 tó máa ń ka lẹ́tà wọn déédéé ni wọ́n á kọ́kọ́ kọ ọ́ sí, ọjọ́ kejì á di 100, lẹ́yìn náà 200, 300, 400, 450, 500. Tó bá fi di ọjọ́ keje, 2,000 ti pé, ilẹ̀kùn kò sì tì. Ètò orí kọ̀ǹpútà wà téèyàn lè dá àkókò fún, táá máa fi í ránṣẹ́ bí oníṣòwò tiẹ̀ ń sùn.

Èrè ibẹ̀ pọ̀. Bí wọ́n bá ṣi iye owó kọ, ẹni 50 péré ló rí i, wọ́n á tún un ṣe kó tó dé ọ̀dọ̀ ìyókù. Lẹ́tà tó lọ sí àdírẹ́sì tó ti kú á padà, wọ́n á yọ ọ́ kúrò. Bí gbogbo oníbàárà bá sì pè lọ́jọ́ kan náà, ọmọọṣẹ́ méjì wo ló fẹ́ dá wọn lóhùn?

Ṣùgbọ́n pínpín kò sọ èèwọ̀ di ẹ̀tọ́ o. Ẹni tó ra àdírẹ́sì àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí, bó pín in sọ́nà ogún, wọ́n á fẹjọ́ ẹ̀ sùn náà ni. Òfin ààbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ìpolówó. Bó bá ti ní òun ò fẹ́, kí oníṣòwò yọ orúkọ ẹ̀ kíákíá, kó gbájú mọ́ àwọn tó ń retí lẹ́tà ẹ̀.