Alùpùpù Tí Kì í Mu Epo

Láti oṣù May ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù, owó ọ̀kadà láti Agodi dé Ọjà'ba ti di ẹrù lọ́rùn ọlọ́jà. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a gbọ́ nípa alùpùpù oníbátìrì tí ilé iṣẹ́ Spiro gbé dé Kútọnu àti Lomé.

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní plọ́ọ̀gì, kò ní páìpù èéfín, bẹ́ẹ̀ ni a kì í pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. Iná bátìrì ni ó ń yí i. Bí bátìrì bá kú, ọlọ́kadà kì í jókòó tì í títí yóò fi kún: yóò yà sí ibùdó, yóò fi òkú bátìrì sílẹ̀, yóò gba èyí tí ó kún, yóò sì sanwó.

Ṣùgbọ́n ibùdó náà ń fẹ́ iná. Bí ó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni a fi ń rọ bátìrì, epo tí a sá fún ni a tún lọ bá.

Èmi olùkọ́ tún ní ẹ̀rù kan: alùpùpù yìí kì í pariwo, etí sì ni àwọn ọmọ wa fi ń mọ̀ pé ọ̀kadà ń bọ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ tètè kọ́ wọn láti wo ọ̀tún, wo òsì, kí wọ́n tó sọdá títì.