"Ṣé kí n lọ dẹ àwọ̀n mi sórí títì ni?" Ìjà ẹja, yanrìn àti ọkọ̀ lórí ọ̀sà Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi rí láti Ìpakòdò, ní Ìkòròdú, lọ sí CMS láàárọ̀ yóò mọ̀ pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú títì ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn débẹ̀. Ohun tó lé èmi tí mò ń kọ ìròyìn yìí náà débẹ̀ lọ́jọ́ kan nìyẹn. Ṣùgbọ́n a ò tíì rìn jìnnà tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, nígbà tó sì yá, ó dákẹ́ pátápátá. Gbéborùn, ewéko tó máa ń léfòó lójú omi yẹn, ló wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí ọmọ ọkọ̀ na ọwọ́ sísàlẹ̀ láti tú u, kì í ṣe ewéko nìkan ló fà jáde. Àwọ̀n ẹja bá a wá, ó ti ya yánnayànna.

Ká tó sọ pé kí lèyí, bàbá kan ti ń wa ọkọ̀ alájẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ wa tìbínútìbínú. Òun ló ni àwọ̀n. Awakọ̀ wa ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le, ó ti kúnlẹ̀ sínú ọkọ̀: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ojú ọ̀nà ọkọ̀ lẹ dẹ àwọ̀n yín sí o."

Ni bàbá bá fọhùn: "Ọ̀nà ọkọ̀ wo? Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń dẹ àwọ̀n lórí omi yìí! Ibi tí mò ń dẹ ẹ́ sí tẹ́lẹ̀, àwọn oníyanrìn ti gbà á. Mo sún síbí, ẹ tún ní ọ̀nà ọkọ̀ ni. Ṣé kí n lọ dẹ àwọ̀n mi sórí títì ni?"

Àwọn èrò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu wa, nítorí kò sẹ́ni tó rí èsì fún bàbá. A dá owó díẹ̀ jọ fún un, ó gbà á, ó sì wakọ̀ ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ẹ̀ ò kúrò létí mi, òun ni mo sì ń gbé kiri láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Omi kan náà ló lọ láti Èkó dé Ìkòròdú, tó gba Èjìnrìn kọjá dé Ẹ̀pẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ń jẹun nínú ẹ̀ ò lóǹkà. Àwọn apẹja wà ní Báyékú, Ìbẹ̀ṣẹ̀ àti Májìdún, Ìlàjẹ àti Ẹ̀gùn pẹ̀lú ọmọ onílùú. Oníyanrìn wà níbẹ̀, ọlọ́kọ̀ èrò wà níbẹ̀. Àwọn onígẹdú náà ń so igi pọ̀ bíi ẹní, wọ́n ń jẹ́ kí omi gbé e láti àwọn odò ìlà-oòrùn, ó ń gba apá Ẹ̀pẹ́ lọ sí Òkobàbá ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, ibi tí wọ́n ti ń lagi láti ọjọ́ pípẹ́ kí ìjọba tó ní kí wọ́n máa kó lọ sí Àgbọ́wá. Ilé iṣẹ́ iná Ẹgbin, nítòsí Ìjẹ̀dẹ́, tó ti wà láti àárín àwọn ọdún 1980, tí wọ́n kọ́ láti máa pèsè 1,320 mẹ́gáwáàtì, inú ọ̀sà yìí kan náà ló ti ń fa omi tó fi ń tu ẹ̀rọ ẹ̀ lára. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ẹ máa ní iṣẹ́ ẹ̀ ò wúlò.

Ẹ gbé tàwọn oníyanrìn yẹ̀ wò. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan wà tó jẹ́ pé wọ́n ń mòòkùn ni, pẹ̀lú korobá lọ́wọ́, wọ́n ń bu yanrìn láti ìsàlẹ̀ omi sínú ọkọ̀. Iṣẹ́ àṣelàágùn gbáà ni. Àwọn olówó ní tiwọn ń lo ẹ̀rọ ńlá tó ń fa yanrìn tọ̀sán tòru. Ẹja ò kórìíra yanrìn o, ohun tó wà nídìí ẹ̀ ni pé bí ẹ̀rọ bá ti ru ìsàlẹ̀ omi sókè, ẹrọ̀fọ̀ á dàpọ̀ mọ́ omi, á sì bo ibi tí ẹja yé sí àtàwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ẹja ń jẹ. Ihò tó gbẹ́ sílẹ̀ á jin, etí omi á máa ya lulẹ̀. Àwọ̀n tí ẹ̀rọ náà bá sì bá lọ́nà, ó dìgbàgbé.

Ṣùgbọ́n ta ló ń ra yanrìn ọ̀hún? Èmi àtẹ̀yin ni. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi kọ́ ilé tí a ń háyà ní Ìkòròdú, inú omi ni púpọ̀ nínú yanrìn ẹ̀ ti wá. Banana Island tí àwọn olówó ń gbé, yanrìn ni wọ́n kó dí omi kí ilẹ̀ tó wà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí wọ́n lé gbogbo oníyanrìn lọ lónìí, kó kọ́kọ́ sọ ohun tí a máa fi kọ́lé lọ́la.

Ìdọ̀tí ńkọ́? Láti 1984 ni gbéborùn ti gba ọ̀nà omi Bàdágírì wọlé sí wa láti orílẹ̀-èdè Benin. Iyọ̀ ni ọ̀tá ẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí omi òkun gba ẹnu ọ̀nà Èkó wọnú ọ̀sà, ó máa ń kú. Bí òjò bá dé, tí odò Ògùn, Májìdún àti Ọ̀ṣun bá tú omi aláìníyọ̀ wọlé, á tún jí. Lápá Ẹ̀pẹ́ tí iyọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé, ó máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdọ̀tí sì ni ajílẹ̀ ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń da ìgbẹ́ sínú ọ̀sà ní Ìddó, omi gọ́tà gbogbo ìlú sì ń ṣàn wọbẹ̀. Ẹni tó jókòó sí Ìkejà tó da pàǹtí sí gọ́tà, òun náà ló fún gbéborùn lóúnjẹ, òun náà ló dá ọkọ̀ wa dúró lọ́jọ́ yẹn. Ní January 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ike funfun tí wọ́n fi ń di oúnjẹ. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ike nìkan kọ́ ló wà nínú gọ́tà.

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti di pé oníyanrìn ń ti apẹja, apẹja ń ti ọlọ́kọ̀, igi onígẹdú tó bá já ń dúró de ọkọ̀ nínú òkùnkùn, ìdọ̀tí ará ìlú sì ń ti gbogbo wọn. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti rí bẹ́ẹ̀, ìjọba ló yẹ kó dá sí i. Ìjọba wo wá ni?

Ibẹ̀ gan-an ni ìdààmú wà. Ní 1997, ìjọba ológun fi òfin dá àjọ NIWA sílẹ̀ pé kó máa bójú tó ọ̀nà omi abẹ́lé jákèjádò Nàìjíríà. Ní 2008, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá LASWA tiwọn sílẹ̀. Ọlọ́kọ̀ àti oníyanrìn ò wá mọ ẹni tí wọn ì bá sanwó fún mọ́, ni ọ̀rọ̀ bá dilé ẹjọ́. Ní 2014, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ dá Àbújá láre. Ní 2017, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí i padà, ó dá Èkó láre. Ní January 5, 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tún gbé e padà fún Àbújá.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ fara balẹ̀ wo ẹjọ́ yẹn. Wọ́n jà fún ọdún mẹ́wàá lórí ẹni tí yóò máa fúnni níwèé àṣẹ, tí yóò sì máa gbowó. Ibi tí bàbá onáwọ̀n yóò máa dẹ àwọ̀n ẹ̀ sí tí oníyanrìn ò ní débẹ̀, ìyẹn ò sí nínú ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. Bó bá kan owó, ọ̀sà lólúwa púpọ̀. Bó bá kan ẹja tó ń tán, kò lẹ́nì kan.

Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé a ò mọ bí wọ́n ṣe ń pààlà. Òfin ẹja pípa lójú òkun tí ìjọba ṣe ní 1992 sọ pé ọkọ̀ ńlá tó ń fa àwọ̀n kò gbọ́dọ̀ pẹja láàárín máìlì òkun márùn-ún sí etíkun, ìyẹn bíi kìlómítà mẹ́sàn-án, kí àwọn oníkọ̀ kékeré lè rí ibi jẹun. Ọdún 1992 yẹn náà ni òfin jáde pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ ńlá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kò ní ba àyíká jẹ́, kí wọ́n sì gbọ́ tẹnu àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Ní Gánà, ìjọba ní kí àwọn oníkọ̀ kékeré fọwọ́ lẹ́rán fún oṣù kan ní 2019 kí ẹja lè bí sí i. Ó dun àwọn apẹja náà, nítorí ebi kì í gba oṣù kan ìsinmi, ṣùgbọ́n ó kéré tán, ẹnì kan la ẹnu sọ pé ẹja náà nílò ààyè.

Ní 2023, ìjọba àpapọ̀ dá ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ọrọ̀ ajé inú omi sílẹ̀, Gbóyèga Oyètọ́lá ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi ṣe mínísítà ibẹ̀. Ọdún 2023 náà ni wọ́n ṣí èbúté ńlá Lẹ́kí àti ilé iṣẹ́ ìfọpo Dangote, tó lè fọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta-lé-lẹ́gbẹ̀ta àgbá epo lóòjọ́, ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí. Ẹ̀pẹ́ ò jìnnà síbẹ̀ rárá. Bí iṣẹ́ bá ti ń pọ̀ lápá ibẹ̀, ilé á pọ̀, yanrìn tí wọ́n nílò á pọ̀, ìdọ̀tí náà á pọ̀. Bí a ò bá pín omi yìí báyìí, ẹni tó lówó jù ló máa pín in fún wa.

Kí ló yẹ ká ṣe? Kò le tó bí wọ́n ṣe ń mú un le. Kí Àbújá àti Èkó jókòó pọ̀, kí wọ́n pe Báyékú, pe Májìdún, pe Ẹ̀pẹ́, pe oníyanrìn, ọlọ́kọ̀ àti onígẹdú. Kí wọ́n ya àwòrán ọ̀sà sílẹ̀: ibi yìí, yanrìn, ibi yìí, àwọ̀n, ọ̀nà ọkọ̀ rèé, kí àmì tó léfòó wà níbẹ̀ tí ojú á rí lálẹ́, ibi tí ẹja ti ń yé, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ oníyanrìn, kí díẹ̀ nínú ẹ̀ padà wá kó gbéborùn àti igi tó rì. Kí àwa ará ìlú náà sì yéé da pàǹtí sí gọ́tà.

Mo dé ọjà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Òbòkún, ẹpìyà àti akàn ṣì wà lórí àtẹ, àwọn ìyá wa ṣì ń pe oníbàárà. Ère ẹja ńlá wà lóríta ìlú náà, tó ń kí gbogbo ẹni tó bá ń wọlé káàbọ̀. Bí mo ṣe ń kọjá níbẹ̀ ni mo rántí bàbá yẹn. Ère ò nílò omi, kò sì sí oníyanrìn tó lè lé e kúrò níbẹ̀. Ẹja tó wà nínú ọ̀sà ló nílò olùgbèjà, àti bàbá tó ń wá ibi dẹ àwọ̀n ẹ̀ sí.