Ta Ló Ń Kọ Ìjì Sílẹ̀?

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 2012, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì máa retí àkọ́rọ̀ òjò, ìjì kan jà ní Èkó. Ó ṣí òrùlé, ó wó òpó iná àti pátákó ìpolówó ọjà, ó sì pa èèyàn. Ẹ bi àwọn ará Olódì-Àpápá nípa rẹ̀, ẹ ó gbọ́ ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé aago mélòó ló bẹ̀rẹ̀, ìhà ibo ni atẹ́gùn ti wá, òjò ọjọ́ náà tó mélòó, gbogbo rẹ̀ á di mo-rò-pé.

Kì í kúkú ṣe pé a kò mọ ìrìn ìjì wa. Àwọn atukọ̀ òkun tó ń ná etíkun yìí láyé ọkọ̀ onígbòkun ti ń kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀ wọn, nítorí ẹ̀fúùfù òjijì lè dojú ọkọ̀ dé. Tọ̀nádò ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì ti ṣi ọ̀pọ̀ òǹkàwé lọ́nà. Tọ̀nádò ti Amẹ́ríkà ń yí bírí bí ààjà. Tiwa kì í sábà yí. Ìkùukùu rẹ̀ máa ń tò gbọọrọ láti àríwá dé gúúsù, gbogbo wọn á sì jọ máa bọ̀.

Ogun Àgbáyé Kejì ló sọ kíkọ ìjì sílẹ̀ di iṣẹ́ gidi. Ọkọ̀ òfurufú tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń tò pọ̀ ní Takoradi, ní ilẹ̀ tó di Gánà lónìí, ń gba Èkó àti Kánò kọjá lọ sí Khartoum àti Cairo. Ẹni tó ń wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ìjì wà. Kò sí sátẹ́láìtì nígbà náà. Òṣìṣẹ́ tó ń wo ojú sánmà ní ìlú kọ̀ọ̀kan, tó ń wo aago, tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, ni wọ́n gbára lé. Ní 1945, R. A. Hamilton àti J. W. Archbold tẹ iṣẹ́ wọn lórí ojú ọjọ́ Nàìjíríà jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ onímọ̀ ojú ọjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó hàn níbẹ̀ ni pé ìjì tí ìlú kan rí ni ìlú kejì ń rí lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, àti pé láti ìlà-oòrùn ló ti ń bọ̀.

Bí ìjì náà ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: nísàlẹ̀, atẹ́gùn olómi ń wọlé láti òkun. Lókè, ní nǹkan bíi kìlómítà 3, atẹ́gùn gbígbẹ ń sáré lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Bí òjò bá ń gba inú èyí tó gbẹ já bọ́, díẹ̀ lára omi rẹ̀ á gbẹ lójú ọ̀nà, atẹ́gùn ibẹ̀ á tutù, á wúwo, á já lulẹ̀, á sì tàn ká. Ìdí rèé tí òtútù àti eruku fi ń ṣáájú òjò wọ àdúgbò, tí àwọn ìyá á ti sáré kó aṣọ lórí okùn kí ẹ̀kán àkọ́kọ́ tó bọ́. Ìjì bẹ́ẹ̀ lè máa rin kìlómítà 50 ní wákàtí kan. Èyí tó wà ní Ọ̀rẹ̀ lọ́sàn-án lè wọ Boundary, ní Ajégúnlẹ̀ l'Ékòó, lálẹ́.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí náà ti tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ ọ̀hún. Ní 1981, E. E. Balogun kọ̀wé lórí bí àrá ṣe ń sán láti àsìkò dé àsìkò àti láti agbègbè dé agbègbè ní Nàìjíríà. Ní 1985, Ọ̀jọ̀gbọ́n Jerome Omotosho, tí wọ́n mọ̀ dáadáa ní yunifásítì FUTA, Àkúrẹ́, ya òjò inú ìjì tó tò gbọọrọ sọ́tọ̀ kúrò lára òjò àrá yòókù àti òjò tó ń ti òkun wá. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ òfurufú Sosoliso já ní Port Harcourt ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 2005, tí èèyàn 108 kú, tí ti ADC sì já ní Àbújá lọ́dún kejì, nínú ojú ọjọ́ burúkú ni àwọn méjèèjì, ìjọba gbé ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ atẹ́gùn òjijì sí àwọn pápákọ̀ òfurufú. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n pápákọ̀ ni ẹ̀rọ pápákọ̀ ń ṣọ́, Ìkejà kì í sì í ṣe Ajégúnlẹ̀.

Àwọn ará Fort Collins, ní ìpínlẹ̀ Colorado lÁmẹ́ríkà, fi ẹ̀mí èèyàn 5 kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ní oṣù Keje 1997, ó ju mìlímítà 350 òjò tó rọ̀ sí apá kan ìlú náà, apá kejì kò sì rí ìdá mẹ́rin rẹ̀. Lọ́dún kejì ni Nolan Doesken bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ CoCoRaHS: tíṣà, àgbẹ̀, ọmọ iléèwé, ẹnikẹ́ni tó bá ti ní ike ìwọ̀n-òjò lẹ́yìnkùlé, tó sì lè máa ka ohun tó wà nínú rẹ̀ láràárọ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní tirẹ̀ láti 1974, ìyẹn TORRO tí Terence Meaden dá sílẹ̀. Bí ìjì bá jà tán, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà á lọ wo ìhà tí igi wó sí, kí wọ́n tó pinnu bóyá tọ̀nádò ni tàbí ẹ̀fúùfù lásán.

Ti mọ̀nàmọ́ná ló wù mí jù. Àwọn àgbà tó ń gbọ́ rédíò AM mọ̀ ọ́n: kí àrá tó dún létí, rédíò á ti máa ta pàrà-pàrà. Orí ariwo yẹn ni àwọn ará Blitzortung, tó bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì, gbé iṣẹ́ wọn kà. Kálukú á to ẹ̀rọ kékeré kan sílé. Bí àwọn ẹ̀rọ mélòó kan bá gbọ́ mọ̀nàmọ́ná kan náà, ìyàtọ̀ àkókò tó dé ọ̀dọ̀ wọn á fi ibi tó ti kọ hàn.

Ní Ajégúnlẹ̀ tiwa, fóònù ló di ìwé. Fídíò ìjì kò wọ́n wa. Àmọ́ lórí status WhatsApp, wákàtí 24 péré ni ayé rẹ̀, èyí tó bá sì yè é bọ́, wọ́n á tún máa gbé e kiri lọ́dún tó ń bọ̀ bíi pé àná ló ṣẹlẹ̀. Ibi tí àìsí àkọsílẹ̀ yìí ti dùn wá ni ọ̀rọ̀ àgbàrá. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje 2011, òjò tó ju mìlímítà 200 rọ̀ ní Èkó. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ìjọba á ní òjò ló pọ̀ jù, aráàlú á ní gọ́tà ló dí. Bí kò bá sí ẹni tó wọn òjò tó bọ́ sí àdúgbò gan-an, ta ni yóò jàre? Ilẹ̀ wa rẹlẹ̀, ọ̀sà ò jìnnà. Mìlímítà 40 lè rí bí 100 lójú ẹni tómi wọ yàrá rẹ̀.

Àjọ TAHMO ń gbé ẹ̀rọ ojú ọjọ́ sí ọgbà iléèwé káàkiri Áfíríkà. 20,000 ni wọ́n fẹ́ gbé kalẹ̀. Ọgbà Tolu ní Ajégúnlẹ̀, tí iléèwé pọ̀ sínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò ní ṣàìrí igun kan fún un. Ẹni tí kò lè dúró de ìyẹn lè gbé ike tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ dọ́gba síta gbangba, kó fi rúlà wọn omi inú rẹ̀. Bí mọ̀nàmọ́ná bá kọ, kó ka ìṣẹ́jú àáyá títí àrá á fi dún, kó sì fi 3 pín in: iye kìlómítà tó jìnnà sí i nìyẹn. Bí ìjì bá sì ṣí páànù, kó tó di pé àwọn tó ń ṣa irin kiri dé, kó kọ ìhà tí ti ilé kọ̀ọ̀kan fò sí. Bí gbogbo wọn bá dorí kọ ìhà kan náà, ẹ̀fúùfù tí a ti mọ̀ látijọ́ ni. Bí tibí bá lọ sí gúúsù, tí ti òdìkejì títì lọ sí àríwá, ó yẹ kí NiMet, àjọ ojú ọjọ́ Nàìjíríà, gbọ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an.