Ohun Tí Ìwádìí Tuntun Fi Kún Àká, Oko àti Òrùlé

Ìtàn ìwádìí tuntun kò ní gùn níbí. Ní 2004, Andre Geim àti Konstantin Novoselov fi téèpù alẹ̀mọ́ bó graphene kúrò lára ohun dúdú tó ń bẹ nínú pẹ́ńsùlù, ní Manchester. Ẹ̀bùn Nobel 2010 sì tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Owewe 2015, ẹ̀rọ LIGO ní Amẹ́ríkà gbọ́ ìgbì tí ihò dúdú méjì tó kọlu ara wọn rán gba ojú òfuurufú kọjá. Ní ọjọ́ 5 oṣù Ọ̀pẹ 2022, wọ́n da iná lésà mẹ́gájúùlù 2.05 lu hóró háídírójìn kékeré kan ní California, 3.15 ló sì jáde. Àwọn ìwé ìròyìn ti kọ èyí tó pọ̀ nípa wọn. Ohun tí ìyá ilé, àgbẹ̀ àti ẹni tó ń ra sólà ń ṣí àlámànàkì wò fún ni ó kù.

Òṣùwọ̀n kílò

Láti ọjọ́ 20 oṣù Èbìbí 2019, kílò kò sinmi mọ́ lórí irin kékeré tí wọ́n tọ́jú sí Sèvres, lẹ́bàá Paris, láti 1889. Nọ́ńbà kan nínú físíìsì tí kì í yí padà, èyí tí wọ́n fi orúkọ Max Planck pè, ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Lójà tiwa, kóńgò ṣì ni. Kí oníbàárà fọwọ́ kan ìdí rẹ̀ kó tó wọn ohunkóhun, bóyá wọ́n ti lù ú wọnú.

Ẹ̀wà tí kòkòrò kò ní jẹ

Níbí ni alákòójọ yìí fẹ́ jókòó sí, torí kò sí ìwádìí tó wúlò fún ilé tó báyìí ní ogójì ọdún sẹ́yìn, kò sì náni ní owó púpọ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, Larry Murdock ti Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Cameroon láti wá bí àgbẹ̀ tí kò lówó oògùn ṣe lè tọ́jú ẹ̀wà rẹ̀. Àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS ló ti ibẹ̀ jáde, ó sì ti ń tàn ká Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà láti 2007. Ọ̀rá méjì ló wà nínú rẹ̀, àpò híhun bíi ti ìrẹsì ló wà lóde. Nínípọn ọ̀rá kọ̀ọ̀kan jẹ́ máíkírọ́ọ̀nù 80, ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ nípọn tó fọ́nrán irun orí. Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń di ẹja fúnni lọ́jà kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Kí ló ń pa kòkòrò náà? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àìrí afẹ́fẹ́ mí ni. Ìwádìí tí Murdock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2012 fi hàn pé òǹgbẹ ni. Inú ẹ̀wà gbígbẹ ni kòkòrò yìí ń gbé, kò sí omi tó lè mu níbẹ̀. Ara rẹ̀ ló ń pọn omi fún un: ó ń fi ọ́síjìn jó oúnjẹ tó jẹ, omi sì ń jáde nínú jíjó náà. Bí wọ́n bá ti so àpò pinpin, àwọn kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ á mí ọ́síjìn tó kù sílẹ̀ títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹnu wọn á dá, omi ara wọn á gbẹ, wọ́n á kú. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má fojú kéré wọn ṣáájú ìgbà yẹn. Abo kan lè yé ẹyin tó 100. Àwọn àmì funfun kéékèèké tí à ń rí lára ẹ̀wà, ẹyin ni. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4, èyí tó wà nínú rẹ̀ á lu ihò jáde, á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Àpò tó wọ ilé pẹ̀lú ihò mẹ́ta lè di ìyẹ̀fun kó tó di àjọ̀dún.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ̀wà gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa. Nínú 100, kí omi rẹ̀ má ju 12 tàbí 13 lọ. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ ìwọnmi lè fi iyọ̀ mọ̀ ọ́n. Da ṣíbí iyọ̀ gbígbẹ kan sínú ìgò gbígbẹ, fi ẹ̀wà tàbí àgbàdo sí i dé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, dé e, mì í dáadáa, kí o jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú rẹ̀ ti ju 15 lọ. Tún un sá. Lẹ́yìn náà, fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, di ẹnu rẹ̀, kí o rọra tẹ̀ ẹ́ láti mọ̀ bóyá ó lu. Da ẹ̀wà sí i díẹ̀díẹ̀, máa gbọ̀n ọ́n kí ó lè jókòó, kí o sì lé afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ jáde. Lọ́ ẹnu ọ̀rá àkọ́kọ́, ṣẹ́ ẹ po, fi okùn so ó. Ṣe bákan náà fún èkejì, kí o tó so àpò òde. Gbé e lé pákó, kó má fara kan ògiri, kí ológbò sì wà nítòsí, nítorí eku kò mọ̀ nípa sáyẹ́ǹsì.

Má ṣí i fún oṣù 2 ó kéré tán. Ẹni tó ń ṣí i lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ láti bu kóńgò kan ń fún kòkòrò ní afẹ́fẹ́ tuntun ni. Ó sàn kó ní àpò kékeré kan fún jíjẹ, kó sì fi ńlá sílẹ̀. Tí ọ̀rá kò bá lu, àpò kan lè sìn ín fún ọdún 2 sí 3.

Ẹni tí kò rí àpò rà, kẹ́ẹ̀gì epo tó fọ̀ mọ́, tó sì gbẹ, ń ṣe iṣẹ́ kan náà, bó bá ti lè kún dé ẹnu, tí ìdérí rẹ̀ sì le. Ìgò omi oníke ńlá náà ń ṣe é. Eérú tí àwọn ìyá wa ń pò mọ́ ẹ̀wà nínú ìkòkò kì í ṣe àsọdùn: ó ń dí àlàfo àárín ẹ̀wà, kòkòrò kò rí ọ̀nà rìn láti wá ẹnìkejì rẹ̀. Eérú tó kúnná, tí a sẹ́, tó sì pọ̀ gan-an ni. Ẹ̀kúnwọ́ kan kò tó.

Oòrùn náà wà níbẹ̀. Bí ìgbóná ẹ̀wà bá dé dígírì 57 fún wákàtí 1, ẹyin, ìdin àti kòkòrò inú rẹ̀ á kú. Tẹ́ ẹní sílẹ̀, tẹ́ tapólì dúdú lé e, da ẹ̀wà sí i fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bò ó, kí o to òkúta yí etí rẹ̀ ká. Láti aago 12 sí aago 2 lọ́jọ́ tí oòrùn mú, ó ti tó. Jẹ́ kó tutù kí o tó kó o sínú kẹ́ẹ̀gì.

Fífi oògùn apakòkòrò sínú oúnjẹ ni kò dára rárá. Oògùn dichlorvos tí wọ́n bá lára ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà ló mú kí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ní oṣù Òkúdu 2015. Ní 2019, NAFDAC fòfin de ìgò rẹ̀ kékeré, mílílítà 100.

Àsìkò ríra: Belu àti Ọ̀pẹ, nígbà tí ìkórè Òkè Ọya ń wọlé. Láti Òkúdu dé Ògún, owó rẹ̀ a máa ga. Ẹni tó ti di tirẹ̀ sápò ló ń rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Irúgbìn

Ẹ̀wà SAMPEA 20-T jáde láti Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Samaru, Zaria. Wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù Ọ̀pẹ 2019, ó sì dé ọwọ́ àgbẹ̀ ní 2021. Apilẹ̀ tí wọ́n mú láti ara bakitéríà inú ilẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, èyí tó ń pa ìdin Maruca tí ń jẹ òdòdó àti èèpo ẹ̀wà lóko. Àgbẹ̀ tó máa ń fín oògùn ní ìgbà 6 sí 8 lè dín in kù sí 2. Àmọ́ ohun méjì ni kó má gbàgbé. Ìdin labalábá yẹn nìkan ni ó ń bá jà. Ìgbà 2 tó kù jẹ́ ti àwọn kòkòrò afàmu, kòkòrò inú àpò kò sì bìkítà fún un rárá, nítorí náà àpò onípele mẹ́ta ṣì ń dúró dè é. Èkejì, kó gbin ẹ̀wà àtijọ́ sí apá kan oko, kí ìdin má baà yára mọ bí wọn yóò ṣe jẹ èyí tuntun. Ó dára kí ẹ̀wà olóyin má parẹ́ lóko ẹni lọ́nàkọnà; adùn rẹ̀ kò ṣeé fi wé.

Àgbàdo: kòkòrò fall armyworm, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Áfíríkà, ní Nàìjíríà, Benin àti Togo, ní 2016, ni SAMMAZ 72T, 73T, 74T àti 75T tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2024 dójú kọ. Háíbírídì ni wọ́n. Ẹni tó bá ṣa hóró inú ìkórè rẹ̀ gbìn lọ́dún tó tẹ̀ lé e kò ní rí irú èso kan náà, kó sì fi owó irúgbìn kún ìṣirò rẹ̀ kó tó fẹnu kò. Ẹ̀wà ni àgbẹ̀ lè tọ́jú irúgbìn rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀gẹ́ aláwọ̀ ofeefee, UMUCASS 36, 37 àti 38, jáde ní 2011 látọwọ́ ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA ní Ìbàdàn àti ti Umudike. Èròjà tí ara ń sọ di fítámì A ló sọ ọ́ di ofeefee. Gaàrí rẹ̀ kò nílò epo pupa kó tó ní àwọ̀.

Èbu lára ẹ̀pà àti àgbàdo: májèlé aflatoxin kì í kú sínú iná ìdáná, bó ti wù kó hó tó. Aflasafe, tí IITA ṣe, tí wọ́n sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2014, jẹ́ hóró ọkà bàbà tí wọ́n fi èbu aláìlóró bò lára, kó lè gba àyè lọ́wọ́ olóró. Kílò 10 fún hẹ́kítà kan, nǹkan bíi 4 fún éékà. Ti àgbàdo: ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 kó tó yọ òdòdó, nígbà tí ilẹ̀ rọ̀. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́. Nílé, ọwọ́ ìyá àgbà tó jókòó tó ń ṣa ẹ̀pà tó bu, tó rún tàbí tó yí àwọ̀ dànù ń yọ púpọ̀ nínú májèlé náà kúrò, kò sì béèrè owó.

Sólà àti bátìrì

Pánẹ́ẹ̀lì sílíkọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ gidi jáde ní Bell Labs ní 1954. Nínú ìmọ́lẹ̀ 100 tó bọ́ sórí rẹ̀, nǹkan bíi 6 ló ń sọ di iná. Èyí tí wọ́n ń tà lónìí ń sọ 20 sí 22. Ohun èlò kan tí wọ́n ń pè ní perovskite ni àwọn onímọ̀ ń pariwo báyìí: 3.8 ló ṣe ní 2009 lọ́wọ́ Tsutomu Miyasaka ní Japan, nígbà tí ilé-iṣẹ́ LONGi ní China sì tò ó lé sílíkọ́ọ̀nù ní 2024, ó dé 34.6. Omi àti ooru ṣì ń tètè bà á jẹ́. Ẹni tó ń kọ́lé lọ́dún yìí, sílíkọ́ọ̀nù ni kó rà.

Kí oníbàárà mọ̀ pé wáàtì tí wọ́n kọ sẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì, inú láàbù tó wà ní dígírì 25 ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Lórí páànù wa, ojú rẹ̀ lè gbóná dé 60. Bí ìgbóná bá ṣe ń fi dígírì kan lé, ó ń pàdánù nǹkan bí 0.35 nínú 100. Dígírì 35 tó lé yẹn gba bíi 12 lọ, oní-400 yóò máa fúnni ní nǹkan bí 350 lọ́sàn-án gangan. Nítorí náà, kí wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ láàárín pánẹ́ẹ̀lì àti òrùlé kí atẹ́gùn lè kọjá. Kó kọjú sí gúúsù, kó dagun dígírì 10 sí 15. Ìbàdàn kò ju nǹkan bíi 7 lọ láti ìlà agbedeméjì ayé, àmọ́ pẹrẹsẹ pátápátá kì í jẹ́ kí òjò ṣan eruku rẹ̀ dànù.

Bátìrì olómi ti wà láti 1859, Gaston Planté ló ṣe é ní Faransé. Lithium onírin àti fọ́sífétì jáde lọ́wọ́ ẹgbẹ́ John Goodenough ní Texas ní àwọn ọdún 1990; ó gba Nobel ní 2019, ó sì kú ní 2023 lẹ́ni 100 ọdún. Bátìrì olómi fóòtì 12, ámípíà-wákàtí 200, ní wáàtì-wákàtí 2,400 lórí ìwé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kó pẹ́ kò gbọ́dọ̀ lò ju ìdajì lọ: 1,200. Lithium fóòtì 12.8, ámípíà-wákàtí 100, ní 1,280, a sì lè lo 80 nínú 100 rẹ̀ láìbẹ̀rù: 1,024. Nítorí náà, bí wọ́n bá dárúkọ owó méjèèjì, ẹyọ kan sí ẹyọ kan ni kí a fi wéra, láìka nọ́ńbà ámípíà tó wà lára wọn sí. Olómi ń fẹ́ omi dísítílì. Omi kànga ń bà á jẹ́.

Kí oníbàárà tó ra ìkankan, kó yọ gílóòbù wáàtì 60 tó ń gbóná kúrò. LED wáàtì 9 ń tàn bákan náà. Márùn-ún fún wákàtí 5 jẹ́ wáàtì-wákàtí 225; gílóòbù àtijọ́ márùn-ún á jẹ 1,500, ju ohun tí èyíkéyìí nínú bátìrì méjèèjì òkè yìí lè fúnni lọ.

Nígbà ọyẹ́, láti Belu dé Èrèlè, kí wọ́n fọ ojú pánẹ́ẹ̀lì ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì pẹ̀lú omi àti aṣọ rírọ̀, kí oòrùn tó là. Omi tútù lórí gíláàsì gbígbóná ní aago 1 ọ̀sán lè fọ́ ọ.