Kò sí onílẹ̀ tàbí onílé tó lè fọwọ́ ara rẹ̀ lé ọ jáde

Ní Ẹdẹ, ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ ẹbí mìíràn ń san ìṣákọ́lẹ̀. Ẹni tó gba ìwé ilẹ̀ lọ́dọ̀ gómìnà ń san owó ilẹ̀ fún ìjọba. Akẹ́kọ̀ọ́ Pólì tó gba yàrá kan ń san owó ilé. Ìbẹ̀rù kan náà ló wà lọ́kàn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: bí wọ́n bá ní kí n kúrò lọ́la ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká ti oko bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ gbé òfin tó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà jáde. Àwọn kan rò pé ìṣákọ́lẹ̀ ti kú nìyẹn. Lọ́dún 1991, nínú ẹjọ́ Abíóyè àti Yakubu, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kò rí bẹ́ẹ̀: onílẹ̀ ṣì ni onílẹ̀, ẹni tó gba ilẹ̀ dáko ṣì gbọ́dọ̀ máa san ohun tí wọ́n jọ ṣàdéhùn.

Láyé àtijọ́, iṣu díẹ̀ tàbí epo lè tó. Ohun tí ìṣákọ́lẹ̀ ń sọ ni pé, "Mo mọ̀ pé ilẹ̀ yín ni." Kòkó ló sọ ọ́ di owó ńlá, tí Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ fi fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́ ní àwọn ọdún 1940. Ẹni tó bá ń san án lè lo ilẹ̀ náà títí ayé, kí ọmọ rẹ̀ sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ tà á, kò sì gbọdọ̀ ní tòun ni. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n adájọ́ ló máa sọ bẹ́ẹ̀, adájọ́ sì lè ṣàánú rẹ̀.

Owó ilẹ̀ ti ìjọba kò lọ́jú pọ̀: gómìnà lè tún iye rẹ̀ ṣe, ó sì lè gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó kọ̀ láti san án.

Inú ìlú ni wàhálà pọ̀ sí. Láti ìgbà tí Pólì ti dé lọ́dún 1992, tí yunifásítì sì tẹ̀ lé e, yàrá ti di ọjà. Bí ìwé àdéhùn kò bá sọ ohun mìíràn, oṣù mẹ́fà ni ìkìlọ̀ tó tọ́ sí ayálégbé ọlọ́dọọdún, lẹ́yìn náà ìwé ọjọ́ méje, kí lánlọ́ọ̀dù tó lọ sílé ẹjọ́. Ẹni tó ká páánù lórí ayálégbé, tàbí tó fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta, ti rú òfin, kódà bí ayálégbé náà bá jẹ gbèsè. Nígbà tí ìjọba Èkó lé Ojukwu, olórí Biafra tẹ́lẹ̀, kúrò nílé kan ní Ìkòyí nígbà tí ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ bá a wí gidi lọ́dún 1986. Bí ìjọba kò bá lè ṣe é, ta ló lè ṣe é?

Mi ò gbàgbé lánlọ́ọ̀dù o. Opó tó jẹ́ pé yàrá mẹ́ta tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló ń bọ́ ọ kò yẹ kó máa sáré kiri ilé ẹjọ́ fún ọdún mẹ́wàá torí àṣìṣe ọjọ́ kan nínú ìwé ìkìlọ̀. Nínú oṣù Kejì ọdún 2021, nínú ẹjọ́ Pillars àti Desbordes, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní, bí ìwé ìkìlọ̀ bá tilẹ̀ lábùkù, ìwé ìpẹ̀jọ́ fúnra rẹ̀ ti tó láti jẹ́ kí ayálégbé mọ̀ pé onílé fẹ́ gba ilé rẹ̀.

Nítorí náà, tó o bá sanwó, gba rísíìtì tó kọ ọjọ́ tí ọdún rẹ bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí sílẹ̀. Ibẹ̀ ni adájọ́ ti máa ka oṣù mẹ́fà náà.