Yíyan Ẹja Òkun fún Àpótí Onídígí

Kì í ṣe gbogbo ẹja òkun ni ó lè jùmọ̀ gbé inú àpótí onídígí kan. Ohun kìn-ín-ní tí ẹni tí ó fẹ́ sìn wọ́n nílé gbọ́dọ̀ wò ni ẹnu wọn: ẹja tí ẹnu rẹ̀ bá gba èkejì yóò gbé e mì. Nítorí náà, a kì í fi lionfish, ẹja ẹlẹ́gùn-ún olóró, sí àárín ẹja wẹ́wẹ́.

Ohun kejì ni ìwà. Damselfish kéré, ṣùgbọ́n oníjà ni; bí ó bá ti gba ibì kan, kì í jẹ́ kí àlejò sinmi. Ẹja oníwà pẹ̀lẹ́ ni kí á kọ́kọ́ fi sínú omi, kí oníjà kẹ́yìn. Nínú òkun, ẹja tí a ń lé a máa ráyè sá. Nínú àpótí, ikú ni òpin eré rẹ̀.